Ora Ti Yo

Láàárọ̀ ọjọ́ Ajé ni wọ́n bá òkú Kúnmi, òṣìṣẹ́ láàbù kan ní Creekmouth, nínú yàrá tánkì ibẹ̀. Kò sí ọgbẹ́ lára rẹ̀. Náítírójìn tí wọ́n fi ń mú tánkì tutù ló tú jáde, tó lé afẹ́fẹ́ tó ṣeé mí kúrò nínú yàrá.

"Jàǹbá ni, sà," ni Irewọlé, ọ̀gá láàbù, wí. "Láti ọjọ́ Ẹtì, ilé mi ní Whalebone ni mo wà. Ẹ wo ohun tí Kúnmi tẹ̀ ránṣẹ́ sí mi lánàá."

Ìnsípẹ́kítọ̀ Adédìran ka fóònù náà: *Oga, ora Mama Suwebat ti yo.*

"Ó ti yọ, ó ti jáde nínú tánkì nìyẹn. Kúnmi nìkan ló wọlé lọ wá a. Àlámù afẹ́fẹ́ gan-an ò dún!"

Adédìran ti gbọ́ nípa Màmá Suwebat, tí iná jó lọ́wọ́. Inú ọ̀rá tí wọ́n fà níkùn rẹ̀, tí wọ́n fi pamọ́ sínú tánkì tó tutù ju yìnyín lọ, ni wọ́n ti fẹ́ gba sẹ́ẹ̀lì ìpìlẹ̀ tí yóò di awọ tuntun. Àìsàn ti mú un gbẹ láti ìgbà náà. Kò sí òmíràn lára rẹ̀ tí wọ́n lè fà.

Ó wọ ìbọ̀wọ́ nínípọn, ó fa ike ọ̀rá Màmá Suwebat jáde nínú tánkì. Ọ̀rá wà níbẹ̀, ó dì gbagidi, ṣùgbọ́n ìpele méjì ni: òróró lókè, omi ẹlẹ́jẹ̀ nísàlẹ̀.

"Ọ̀gbẹ́ni Irewọlé, kò yọ lọ síbì kankan."

"Bóyá ó ti dá a padà, sà."

"Ṣé ẹ máa ń gbé ọbẹ̀ sí fíríjì? Bí òróró yóò bá léfòó, ọbẹ̀ náà gbọ́dọ̀ ṣàn ná. Ọ̀rá yìí *yọ́*, sẹ́ẹ̀lì inú rẹ̀ sì kú, kí ẹ tó tún mú un dì. Kúnmi ò fi àmì ohùn sí ọ̀rọ̀ tó tẹ̀, ẹ sì ríbi sá sí."

"Ìyẹn ò sọ mí di apààyàn!"

"Ilé lẹ wà, àbí? Ta ló wá sọ fún yín pé àlámù ò dún?"

Adédìran gbé bátìrì kékeré kan kalẹ̀. "Ti àlámù nìyí. Inú dúrọ́ọ̀ yín la ti rí i. Ẹ yọ ọ́, ẹ ṣí náítírójìn, ẹ sì ti ilẹ̀kùn mọ́ Kúnmi."

"Mo bẹ̀ ẹ́ kó dákẹ́," ni Irewọlé kùn. "Irínwó èèyàn ló ní ọ̀rá níbẹ̀! Bí wọ́n bá gbọ́, láàbù mi ti parí nìyẹn. Ó ní òun ò lè wo ojú màmá yẹn kí òun purọ́."

Lọ́sàn-án, Adédìran kan ilẹ̀kùn kan ní Eastbury. Màmá Suwebat ti bọ́ ìbọ̀wọ́ rẹ̀, ó ń fi òróró pa ọwọ́ tó ká kò.

"Ọmọ mi, ọ̀la ni wọ́n ní kí n wá. Ọ̀rá mi ńkọ́?"

"Ó ti yọ́, mà."

Ó gbé ohùn rẹ̀ sókè dáadáa lórí *yọ́*, kí ìyá má baà ṣì í gbọ́. Màmá mú ìbọ̀wọ́, ó rọra ń fà á wọ̀ padà, ìka kan lẹ́yìn ìkejì.