Ọ̀nà Oko Ni Ìyàwó Gbà

Ìbínú ló gbé Mẹ̀dínátù ọmọ Bàrúwà dé ọ̀dọ̀ Kọ́mọláfẹ́ lọ́jọ́ tí wọ́n kọ́kọ́ rí ara wọn lọ́jà Ẹ̀gùá. Ẹ má bi mí bí ìfẹ́ ṣe ń gba ẹnu ọ̀nà ìbínú wọlé. Àlejò tó bá ti pinnu pé ilé ẹni lòun ó sùn, kò sí ilẹ̀kùn tí kò lè gbà.

Ó ju íápíìsì kan sórí tábìlì ọkùnrin náà, irú èyí tí kò ní wáyà, tí ẹyọ méjèèjì ń gbé inú ilé kékeré kan bí ẹyin inú ìtẹ́.

"Gba ọjà ẹ. Èèyàn wà nínú ẹ̀."

"Èèyàn kẹ̀?"

"Obìnrin ni. Bàbá mi á máa bá ẹ̀gbọ́n mi tó wà lẹ́yìn bodè sọ̀rọ̀ jẹ́ẹ́jẹ́, obìnrin yẹn á já lu ọ̀rọ̀, á fọ èdè kan fàà, íápíìsì á sì dákẹ́. Bàbá ní ẹ̀ṣọ́ bodè ló ń gbọ́ àwọn. Ní báyìí, wọn ò jẹ́ dárúkọ ọmọ-ọmọ wọn mọ́. 'Nǹkan yẹn ńkọ́?' ni wọ́n fi ń béèrè ẹ̀."

Kọ́mọláfẹ́ ki ẹyọ kan bọ etí, ó tẹ́tí, ló bá bú sẹ́rìn-ín.

"Ẹ jọ̀ọ́, àǹtí, ẹ bá mi bẹ Bàbá. Ẹ̀ṣọ́ kọ́. Kùtọnu ni wọ́n ti kó o wá, Faransé ló gbọ́. Ebi ló ní ó ń pa òun. Bátìrì ti lọ sílẹ̀."

"Irọ́! Àràárọ̀ là ń kì í sínú ilé ẹ̀."

"Ẹ̀yin ń kì í sínú ilé. Ilé náà ńkọ́, ẹ máa ń ṣáàjì òun?"

Mẹ̀dínátù ṣí ilé kékeré náà wò.

"Ilé tí kò ní oúnjẹ," ni Kọ́mọláfẹ́ wí, "báwo lọmọ inú ẹ̀ ṣe fẹ́ yó?"

Ó fi òwú àti sípírítì díẹ̀ nu ojú idẹ kéékèèké tó wà nínú ilé náà. Ó fi bọ́rọ́ọ̀ṣì ìfọyín tó gbẹ gbọn èérí etí kúrò lẹ́nu ẹyọ kọ̀ọ̀kan. "Ẹ má fi omi kàn án o. Ẹ má sì fi abẹ́rẹ́ gún un, ẹ ó fọ́ ọ lójú." Ọwọ́ rẹ̀ rọra ń lọ bí ọwọ́ abiyamọ lára ọmọ tuntun, ọwọ́ yẹn sì ni Mẹ̀dínátù ń wò títí tó fi gbàgbé pé ìjà lòun bá wá.

"Ọmọ ibo lẹ̀yin gan-an?"

"Ọmọ Pọ́bẹ̀ ni mí, ní ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀. Mo gbé ọjà wá, wọ́n bá ti bodè mọ́ mi lẹ́yìn. Ọ̀dọ̀ àbúrò ìyá mi ni mo wà, Màmá Jẹ̀mílátù. Tuntun ò wọlé mọ́, ni mo bá ń jí ògbólógbòó dìde."

Láti ọjọ́ náà ni àìsàn ti kọlu gbogbo íápíìsì àdúgbò Bàrúwà, Mẹ̀dínátù ló sì ń gbé wọn lọ sọ́sibítù. Bí ti ìyá alákàrà ò bá dún lápá òsì, òun ni. Bí ti tíṣà kò bá gba fóònù mọ́, òun náà ni. Nígbà tó yá, ó ń jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ tábìlì, ó ń kọ́ iṣẹ́.

"Ẹyọ kan ò sọ̀rọ̀ mọ́," ni Kọ́mọláfẹ́ wí lọ́jọ́ kan, "wọ́n ti jà nìyẹn. Dá àwọn méjèèjì padà sílé. Jẹ́ kí fóònù gbàgbé wọn pátápátá. Wá tẹ ìdí ilé yìí pẹ́, títí iná á fi ṣẹ́jú. Lẹ́yìn náà, fi wọ́n han fóònù bí ẹni tó ń mú àlejò wọlé."

"Ṣé bí wọ́n ṣe ń gbàgbé nìyẹn, wẹ́rẹ́ báyìí?"

"Íápíìsì ni. Èmi ò lè gbàgbé báyẹn."

"Ta ni ìwọ fẹ́ gbàgbé?"

"Ẹnì kan tó ju ọjà lù mí lójú."

Mẹ̀dínátù rẹ́rìn-ín, ó yí ojú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Kọ́mọláfẹ́ fi ẹyọ kan sí etí rẹ̀, ó fi èkejì sí etí ara rẹ̀, orin kan náà sì ń wọ orí àwọn méjèèjì láàárín ariwo ọjà. Ó fẹ́ràn ọkùnrin yìí. Ó mọ̀ ọ́n, kò sì purọ́ fún ara rẹ̀.

Bàbá Bàrúwà fúnra rẹ̀ ti ń súre. Íápíìsì òun ti padà ń sọ̀rọ̀, ó sì ń gbọ́ ohùn Ìbídàpọ̀, ọmọ tí Rọ́fíàt, àkọ́bí rẹ̀, bí sí Àjàṣẹ́ ní ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀ lẹ́yìn tí bodè tì. "Ọwọ́ tó tún un ṣe ò ní í rọ!" Àṣé ìre náà ò tí ì mọ ẹni tó ń lọ bá.

Ọjọ́ tí Màmá Jẹ̀mílátù wá sọ pé àwọn rí òdòdó kan nínú ọgbà Bàrúwà, ojú baba náà kọ́kọ́ tàn.

"Ọmọ ta ni?"

"Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ni, Kọ́mọláfẹ́. Ará Pọ́bẹ̀."

Ojú náà ṣú. "Ẹ ṣeun, Màmá. Ẹ kí wọn nílé."

Màmá Jẹ̀mílátù ò tí ì rìn jìnnà tí Bàbá Bàrúwà fi yíjú sí ọmọ rẹ̀. "Mo gbé ẹrù ìsọmọlórúkọ dé bodè Ìdí-Ìrókò. Ẹ̀ṣọ́ tí mo lè bí lọ́mọ ló ní kí n padà, ó ń fi ọwọ́ lé mi bí ẹní lé ewúrẹ́ nídìí èlùbọ́. Inú fóònù ni mo ti sọ ọmọ-ọmọ mi lórúkọ. Ọmọ mi kan wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn títì. Mi ò ní í fi èkejì kún un."

"Bàbá, Pọ́bẹ̀ ò jìnnà."

"Ibi tí wọn ò bá ti jẹ́ kéèyàn dé, ó jìnnà."

"Oko wa ńkọ́? Ṣebí ó kọjá sí ọ̀hún?"

"Ṣé kí n máa yọ́ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ lọ wo ọmọ mi bí olè? Kò ní í ṣẹlẹ̀."

Bàbá Bàrúwà ò fẹ́ gbọ́ orúkọ Pọ́bẹ̀ mọ́. Ọlọ́run sì mọ bó ṣe ń ṣe é: òjò pa á lóko, íápíìsì wà lápò, ó mu omi yó. Wọ́n ní kó gbé e fún Kọ́mọláfẹ́, ó ní láéláé. Ẹnì kan ti sọ fún un pé ìrẹsì a máa fa omi, ló bá lọ sin ín sínú ìwọ̀nba ìrẹsì tó kù nílé. Ìyàwó rẹ̀ kígbe: "Bàbá Rọ́fíàt! Lọ́dún tí ìrẹsì di góòlù! Èyí tí mo tọ́jú de àlejò lẹ fi ń sin òkú!"

Ó sin ín, ó jókòó tì í. Nígbà tó yọ ọ́, íápíìsì ò fọhùn.

Mẹ̀dínátù gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Eruku ìrẹsì ti di ẹnu íápíìsì náà bí àtè. Ó fi bọ́rọ́ọ̀ṣì gbọ̀n ọ́n, ó nu idẹ, ó sá a síbi tí afẹ́fẹ́ ti ń fẹ́ tí oòrùn ò ti ń pa á. Nígbà tó gbẹ dáadáa, ó ṣáàjì ilé rẹ̀, ó tún fi í han fóònù. Lẹ́yìn náà ló kúnlẹ̀, ó sì gbé e lé baba rẹ̀ lọ́wọ́. Ìbídàpọ̀ ń wí "bàà, bàà" láti Àjàṣẹ́. Omi dé ojú baba náà.

"Bàbá, mo kúnlẹ̀ kí n tó sọ èyí," ni Mẹ̀dínátù wí. "Ẹ sin ín sínú ìrẹsì, ẹ jókòó tì í. Bí ẹ ṣe ń ṣe sí bodè náà nìyẹn. Ẹni tó bá jókòó ti ilẹ̀kùn títì, ìdí ẹ̀ ló máa darúgbó sí."

"Èmi lò ń bá wí?"

"Ẹ̀yin ni, Bàbá. Kọ́mọláfẹ́ ni màá fẹ́. Bí ẹ bá fún mi, ayọ̀ ni. Bí ẹ ò bá fún mi, mi ò ní í sá lọ, mi ò sì ní í fẹ́ ẹlòmíì. Inú ilé yìí ni màá hu ewú sí, ojoojúmọ́ lẹ ó máa rí mi."

Bàbá Bàrúwà wò ó títí. Ó mọ agídí yẹn. Tirẹ̀ ni.

"Àgbà kì í gba àna nínú fóònù," ló wí nígbẹ̀yìn. "Kí àwọn èèyàn rẹ̀ wá bá mi lójúkojú. Bodè tó tì mọ́ èmi, kí wọ́n kọjá rẹ̀ kí n rí wọn."

Ó rò pé ọ̀rọ̀ parí síbẹ̀.

Lọ́jọ́ kejì, Mẹ̀dínátù bá Kọ́mọláfẹ́ lọ́jà. Ó sọ fún un nípa oko ẹ̀gẹ́ baba òun, pé òkúta ààlà tí àwọn òyìnbó rì mọ́lẹ̀ láyé àtijọ́ wà láàárín ebè níbẹ̀, tí apá kan oko jẹ́ Nàìjíríà, tí apá kejì jẹ́ Bẹ̀nẹ̀, tí kò sì sí ẹ̀ṣọ́ tó ń bi àgbẹ̀ ní páálí ìrìnnà.

"Mo mọ ọ̀nà yẹn," ni Kọ́mọláfẹ́ wí.

"O mọ̀ ọ́n? Kí ló wá dá ẹ dúró láti ìgbà yìí?"

"Ìwọ ni, adúmáradán."

Mẹ̀dínátù fa ìjókòó rẹ̀ súnmọ́ tábìlì. Ohùn rẹ̀ rẹlẹ̀. "Lọ pe àwọn àgbà yín wá. Bí o bá sì lè ṣe é, gba Àjàṣẹ́ lọ kó o tó padà."

Ọjọ́ tí wọ́n dá pé, Bàbá Bàrúwà gbé àdá dé oko, tòun ti Mẹ̀dínátù, ó bá àwọn àgbààgbà tó dé fìlà lórí ilẹ̀ rẹ̀. Kọ́mọláfẹ́ dọ̀bálẹ̀ gbalaja láàárín ebè, erùpẹ̀ kún àyà aṣọ rẹ̀.

"Ta ló ní kẹ́ ẹ wá síbí?"

Baba Kọ́mọláfẹ́ dìde. "Ẹ̀yin lẹ ní ká wá lójúkojú. Ojú wa rèé."

"Ọ̀nà olè lẹ gbà!"

"Rárá o, Bàrúwà. Ibí ni bàbá bàbá yín àti tiwa ti jọ ń pààrọ̀ èbù iṣu. Òkúta yìí ló wá bá wa níbí. Ṣé ẹni tó débá oko ló wá fẹ́ pe olóko lólè?"

Kí Bàbá Bàrúwà tó fèsì, obìnrin kan jáde láti ẹ̀yìn igi, ó kúnlẹ̀. Rọ́fíàt ni. Ìbídàpọ̀ wà lẹ́yìn rẹ̀, ó ń jẹ ọwọ́.

Àdá bọ́ lọ́wọ́ baba náà. Ó gba ọmọ, ó gbé e dání, ó ń gbóòórùn orí rẹ̀. Ọmọ náà di irùngbọ̀n rẹ̀ mú, ó fà á.

"Ọmọ yìí ò jẹ́ kí n gbádùn," ni Bàbá Bàrúwà wí. Ó wo Mẹ̀dínátù. "Ìwọ náà ò jẹ́ kí n gbádùn. Dìde, ọmọkùnrin. Ẹ̀gẹ́ mi lo dọ̀bálẹ̀ lé."

Bodè ò tí ì ṣí lọ́jọ́ tí wọ́n gbé ìyàwó. Wọn ò gba inú igbó, wọn ò sì dúró de òru. Ọ̀sán gangan ni, Bàbá Bàrúwà ló ṣíwájú pẹ̀lú àdá, ó ń ṣán koríko lójú ọ̀nà oko, Mẹ̀dínátù tẹ̀ lé e nínú àrán, àwọn obìnrin sì ń kọrin bọ̀ lẹ́yìn.

Ẹ̀ṣọ́ kan pàdé wọn lórí ọ̀kadà, ó sọ̀ kalẹ̀.

"Bàbá, níbo lẹ ń lọ?"

"Oko."

"Gbogbo yín? Pẹ̀lú gèlè?"

Bàbá Bàrúwà gbé àdá lé èjìká. "Ìwọ lo ni bodè, ọmọ mi. Èmi ni mo ni oko. Yà fún ìyàwó."

Ẹ̀ṣọ́ náà wo ìyàwó. Ìyàwó wò ó padà, kò ṣẹ́jú. Ọkùnrin náà gbé ọ̀kadà rẹ̀ bọ́ sínú koríko.