Ṣé Kò Sẹ́ni Tó Máa Dá A Lóhùn?

Òwú kì í jó bí koríko. Koríko máa ń pariwo bó bá ń jó, gbogbo ayé á sì mọ̀. Iná òwú kò rí bẹ́ẹ̀. Á rá wọ inú lọ, á jókòó síbẹ̀ jẹ́jẹ́, á máa jẹ ẹ́ láti inú wá, òkè á sì funfun bí ẹni pé kò sí nǹkan kan. Gbogbo àgbẹ̀ olówùú ní ìlú Datcha ló mọ èyí. Elvis, ọmọ Igbẹ́kọ̀yí, náà mọ̀ ọ́n láti kékeré. Ṣùgbọ́n ọ̀tọ̀ ni ká mọ nǹkan, ọ̀tọ̀ ni ká fi í ṣèwà hù.

Elvis kì í ṣe ọmọ burúkú tẹ́lẹ̀. Ó níyàwó, Pascaline lorúkọ rẹ̀, ọmọ ìlú Moretan ni, obìnrin ọlọ́yàyà. Ọjọ́ ìkúnlẹ̀ ló gbé e lọ. Tìyá tọmọ, ilẹ̀ mu wọ́n. Láti ìgbà náà ni ọ̀rọ̀ ayé ti sú Elvis. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í mu sódàbì, ọtí líle tí wọ́n ń fi ẹmu sè lágbègbè náà, nítorí pé ó ń wá oorun. Nígbà tó yá, kò lè dìde lórí ẹní mọ́ láìfẹnu kàn án. Ó ní òun ń mu ọtí. Àṣé ọtí ló ń mu ún.

Ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan wà tó ń jẹ́ Joachim, tó ń tún ọ̀kadà ṣe ní Agbonou. Ọ̀mùtí ni Joachim náà nígbà yẹn. Òun ló fi orin kan ránṣẹ́ sórí fóònù Elvis. Orin rọ́ọ̀kì ni, àwọn ọ̀dọ́ kan ní Lomé ló kọ ọ́ lédè Faransé. Gìtá inú rẹ̀ ń han bí ayùn tó ń ge igi líle. Ẹni tó ń kọ ọ́ kò tilẹ̀ dàbí ẹni tó ń kọrin, igbe ló ń ké. Ohun tó ń sọ ni pé:

Ogun wà nínú mi, n kò mọ orúkọ rẹ̀.
Mo ti ilẹ̀kùn, àṣé inú ilé ló wà.
Ẹ fi mí sílẹ̀, kí n dá a jà.

Elvis gbọ́ ọ, omi bọ́ lójú rẹ̀. Ó ní, "Háà! Ta ló sọ ọ̀rọ̀ mi fún ọkùnrin yìí?"

Lórí ẹ̀rọ ayélujára, nísàlẹ̀ orin náà, àwọn ènìyàn kọ ohun tí orin náà jẹ́ fún wọn. Obìnrin kan ní Cotonou kọ ọ́ pé orin náà ni òun fi ń sùn láti ìgbà tí wọ́n ti lé òun nílé ọkọ. Ṣọ́jà kan kọ ọ́ pé kò sẹ́ni tó mọ ohun tí ojú òun rí, àfi orin yìí. Àwọn yòókù tò tẹ̀lé wọn lọ súà: "Èmi náà. Èmi náà." Elvis náà kọ tirẹ̀: "Èmi náà."

N kò bú orin o. Ẹni tó bá ni sunkún kì í ṣe ọ̀tá ẹni. Ṣùgbọ́n nínú gbogbo ohun tí Elvis kà níbẹ̀, kò rí ẹnì kan tó kọ ọ́ pé, "Mo ti bọ́." Kò sì fura. Ìlà tó kẹ́yìn ni ó gbá mú: kí wọ́n fi òun sílẹ̀, kí òun dá a jà. Bí wọ́n bá pè é sóko, okùn tó fi ń gbọ́ orin lórí fóònù wà létí rẹ̀ méjèèjì. Bí àwọn ará ìjọ bá wá kí i, okùn wà létí.

Igbẹ́kọ̀yí á ní, "Elvis, yọ nǹkan yẹn létí, èmi baba rẹ ni mò ń bá ọ sọ̀rọ̀."

Elvis á kàn mi orí. Kò ní yọ ọ́.

Láàárín àkókò yìí ni Joachim gbọ́ ìhìnrere, tó sì fi ayé rẹ̀ fún Jésù. Ó gun ọ̀kadà wá sí Datcha láti sọ fún ọ̀rẹ́ rẹ̀. Ẹ̀rín ni Elvis fi í rín. "Pásítọ̀ Sípánà! Lọ tún ọ̀kadà rẹ ṣe, jàre. Ìwọ lo fún mi lórin, ṣé o tún fẹ́ wá gbà á ni?"

Ẹ̀ẹ̀rùn dé, wọ́n ká òwú. Àṣà wọn ní Datcha ni pé ẹgbẹ́ àgbẹ̀ á kó òwú gbogbo ilé jọ sójú kan ní gbangba, á ga bí òkìtì ńlá, títí ọkọ̀ akẹ́rù yóò fi dé. Ilé kọ̀ọ̀kan ló ní ọjọ́ tirẹ̀ láti ṣọ́ ọ. Ẹni tó ń ṣọ́ ọ kò gbọdọ̀ mutí, kò sì gbọdọ̀ fa sìgá. Nígbà tó kan ilé Igbẹ́kọ̀yí, àwọn àgbà ẹgbẹ́ ní kí baba náà má fi í lé Elvis lọ́wọ́.

Baba ní, "Ọmọ mi ni. Mo dúró fún un."

Lọ́sàn-án gangan, tí kálukú lọ sinmi oòrùn, Elvis gun orí òwú lọ bí àwọn olùṣọ́ ti máa ń ṣe, ó wa àyè síbẹ̀ bí adìyẹ tó fẹ́ yé, ó jókòó. Ó yọ ìgò sódàbì lápò. Ó ki okùn bọ etí. Orin bẹ̀rẹ̀. Lẹ́yìn náà ó ṣáná sí sìgá kan. Ó rò pé òun pa á kí oorun tó gbé òun lọ. Kò pa á.

Àwọn obìnrin tó ń ti odò bọ̀ ló kọ́kọ́ rí èéfín. Wọ́n figbe ta: "Elvis! Elvis o! Iná o!" Ìlú dà jáde. Wọ́n pè é títí ohùn há mọ́ wọn lọ́fun. Ariwo olórin kan tí kò mọ̀ ọ́n rí ló kún etí rẹ̀, kò gbọ́ ti àwọn tó mọ orúkọ rẹ̀.

Igbẹ́kọ̀yí sáré ti oko dé. Wọ́n dì í mú, ó já ara rẹ̀ gbà. Ó wọ inú òwú yẹn, ó ń fi ọwọ́ lásán wa ohun tó ti di ẹ̀yinná nínú, títí ó fi kan ara ọmọ rẹ̀, ó sì wọ́ ọ jáde. Iná kàn rá Elvis lẹ́sẹ̀ ni. Ọwọ́ baba kò ṣeé wò.

Ní ilé ìwòsàn ní Atakpamé, dókítà sọ pé baba yóò yè, ṣùgbọ́n àwọn ọwọ́ yẹn kò ní di ọkọ́ mú mọ́. Òwú sì jóná tán. Ẹnikẹ́ni kò na Elvis. Wọn kàn ò dá a lóhùn mọ́ bó bá kí wọn ni. Àyọ̀kẹ́ opó, tí gbogbo làálàá ọdún rẹ̀ wà nínú òkìtì náà, wò ó láti òkè délẹ̀, ó ní, "Elvis, o ṣeun." Ó sì kọjá lọ. Ìyà tó dun Elvis jù nìyẹn.

Òun nìkan ló wà láti tọ́jú baba nílé ìwòsàn. Baba á la ẹnu, Elvis á fi ṣíbí bu ẹ̀kọ sí i. Kò lè wò ó lójú. Ikú ló ń wù ú. Ó ti pinnu pé bí baba bá ti lè padà sílé, òun ò ní sí láyé mọ́.

Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, ó tan orin náà. Okùn etí ti jóná, nítorí náà ohùn orin jáde sínú yàrá. "Ẹ fi mí sílẹ̀, kí n dá a jà." Ọ̀rọ̀ yẹn gún un láyà. Ká ní wọ́n fi í sílẹ̀ lọ́jọ́ náà ńkọ́? Eérú ni ì bá dà.

Baba, tí kò gbọ́ Faransé, yíjú sí i. "Kí ló ń ṣe ọkùnrin yẹn?"

"Baba, ó ní ogun ń bẹ nínú òun."

"Ó ti pẹ́ tó ti ń ké báyìí?"

"Ó ti pẹ́, Baba."

"Ṣé kò sẹ́ni tó máa dá a lóhùn ni?"

Ẹkún gba ẹnu Elvis. "Baba, kí ló dé tí ẹ wọ inú iná yẹn? Èmi kọ́ ló yẹ kẹ́ ẹ tìtorí rẹ̀ sọ ọwọ́ nù!"

Baba ní, "Mo pè ọ́, o ò gbọ́. Kí wá ni kí n ṣe? Ṣé kí n dúró títí wàá fi gbọ́ ni?"

Joachim ti wà lẹ́nu ọ̀nà, ó gbé abọ́ ọbẹ̀ lọ́wọ́ bí ó ti máa ń ṣe. Ó wọlé, ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀rẹ́ rẹ̀.

"Elvis, orin yẹn mọ ibi tó ń dùn wá. Mo ṣì fẹ́ràn rẹ̀. Ṣùgbọ́n kí ènìyàn dá a jà, irọ́ ni. Jésù náà ké lórí igi, igbe rẹ̀ ju ti olórin yìí lọ, kò sì sẹ́ni tó dá a lóhùn lọ́jọ́ náà. Nítorí tiwa ni. Kí o tó pè é ló ti wọ inú iná tìtorí rẹ. Wo ọwọ́ baba rẹ dáadáa. Ọwọ́ Jésù náà ní àpá."

"Bí mo bá gbàdúrà, ṣé ọwọ́ Baba á padà bọ̀ sípò?"

Joachim gbé abọ́ ọbẹ̀ sílẹ̀. "Rárá. Mi ò ní parọ́ fún ọ. Ṣùgbọ́n ẹ̀bi rẹ̀ tó ń pa ọ́, Jésù ti rù ú."

Elvis wólẹ̀ lẹ́bàá bẹ́ẹ̀dì. "Jésù, mi ò lè dá a jà. Mo jẹ̀bi. Wọlé wá bá mi." Ohun tó lè sọ ò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Baba gbé apá tí wọ́n fi báńdéèjì wé lé e lórí, ó ní, "Àmín."

Òwú kò padà wá. Igbẹ́kọ̀yí ò lè de bọ́tìnnì aṣọ ara rẹ̀, Elvis ló ń bá a dè é láràárọ̀. Bí òjò bá rọ̀, oko Àyọ̀kẹ́ ló ń kọ́kọ́ ro kó tó ro tiwọn, obìnrin náà kò sì tíì dáhùn ìkíni rẹ̀. Òùngbẹ sódàbì ṣì ń gbẹ ẹ́ nígbà mìíràn. Lọ́jọ́ bẹ́ẹ̀, á lọ jókòó ti Joachim ní Agbonou títí ara rẹ̀ á fi rọlẹ̀. Ó ti padà sísàlẹ̀ orin náà, níbi tó ti kọ "Èmi náà" nígbà kan, ó fi kún un pé: "Ẹnì kan wọlé wá bá mi."

Ìwọ tó ń ka ìwé yìí, èwo ni orin tìrẹ? Kí lo kì sí etí kí o má baà gbọ́? Òkè rẹ lè funfun, kí àwọn ènìyàn máa kí ọ lójú títì, ṣùgbọ́n ìwọ mọ ohun tó ń jó nínú. Má sọ pé ó di ọ̀la. Iná òwú kì í dúró de ọ̀la.

Yọ ọ́ létí lónìí. Ronú pìwà dà. Ẹnì kan wà tó mọ orúkọ rẹ, tó ti wọ inú iná náà kí o tó jí, tí ọwọ́ rẹ̀ ṣì ní àpá. Òun ló ń pè ọ́ ní wákàtí yìí. Ṣé kò sẹ́ni tó máa dá a lóhùn?