Ìdáhùn Makar sí Ìbéèrè Kẹsàn-án

Ọjọ́ tí Yaryna kọ́kọ́ rí Makar, orí àpótí ìwé ló jókòó sí ní yàrá abẹ́ ilẹ̀ yunifásítì wa ní Poltava. Ó ń jẹ ápù bí ẹni pé síréènì tó ń ké lókè kò kàn án. Ó wu Yaryna lójú ẹsẹ̀, mi ò ní purọ́ fún yín.

Yaryna ń ṣèwádìí fún oyè kejì. Ó ń bi àwọn tó ń fi ọ̀rọ̀ tọ́jú ọkàn, àtàwọn tó ń kọ́ iṣẹ́ náà, bóyá ìtọ́jú tí ìwádìí ti fìdí rẹ̀ múlẹ̀ ṣeé lò lásìkò ogun.

“Ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá mi dáhùn ìbéèrè méjìlá yìí. Ẹ má kọ orúkọ. Kò sẹ́ni tó máa mọ̀ pé ẹ̀yin ni.”

“Ṣé ẹ ò gbọ́ pé wọ́n ń ju bọ́ǹbù ni?”

“Mo gbọ́. Òun ló jẹ́ kí ẹ ráyè.”

Makar rẹ́rìn-ín, ó gba bébà náà.

Láti ọjọ́ yẹn ni wọ́n ti jọ ń mu tíì, títí wọ́n fi di olólùfẹ́. Makar ti fi ọdún méjì fi áńbúláǹsì gbé àwọn tó fara gbọgbẹ́ lójú ogun kó tó wá kọ́ iṣẹ́ ìtọ́jú ọkàn. “Ìyáàfin Ẹ̀rí” ló ń pe Yaryna.

“Obìnrin kan nínú àwọn tó dáhùn ní àwòrán yíyà lòun fi ń tọ́jú ọkàn àwọn sójà,” Yaryna ráhùn lọ́jọ́ kan. “Ẹ̀rí wo ló ní?”

“Èèyàn méjìdínlógún ló ń dúró dè é lójúmọ́, olólùfẹ́ mi. Ìgbà wo ló fẹ́ kàwé?”

Ní Ọjọ́bọ̀ kan, Yaryna ka díẹ̀ nínú àwọn ìdáhùn fún kíláàsì wa. Ó ka ti ìbéèrè kẹsàn-án: “Mo mọ̀ pé ìtọ́jú yìí ń ṣiṣẹ́, torí èmi náà bẹ̀rẹ̀ ẹ̀. Nígbà tó kan kí n sọ bí ọmọ kan ṣe kú sí mi lọ́wọ́ nínú áńbúláǹsì, mi ò padà lọ mọ́.”

Ẹnì kan péré nínú kíláàsì ló ti wa áńbúláǹsì rí. Gbogbo ojú yí sí Makar. Ó mú jákẹ́ẹ̀tì rẹ̀, ó jáde.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni kò fi gbé fóònù. Yaryna sunkún títí. Lẹ́yìn náà ló lọ bá Makar níbi tó ti ń kọ́ṣẹ́ ní ilé ìwòsàn.

“Mo rò pé àìkọ orúkọ ti tó, mi ò rò pé wọ́n á dá ẹ mọ̀. Mo ti fẹjọ́ ara mi sun ìgbìmọ̀ ìwádìí. Wọ́n ti fagi lé ìwé ìwádìí tí mo fẹ́ lọ kà níbi ìpàdé àwọn olùwádìí ní Warsaw.”

“Ta ló rán ẹ?”

“Kò sẹ́ni. Jọ̀wọ́, má torí ohun tí mo ṣe kọ̀ láti padà sí ìtọ́jú ẹ.”

Makar fa àga fún un. “Mo padà lọ lọ́sẹ̀ tó kọjá. Mo sọ gbogbo ẹ̀. Danylo lorúkọ ọmọ náà.” Ó wò ó. “Inú bí mi sí ẹ gan-an. Àárò ẹ náà sì sọ mí. Ó ku ìgbà mẹ́rin kí ìtọ́jú náà parí. Tí mo bá parí ẹ̀, ṣé wàá fẹ́ mi?”

“Má so ìgbéyàwó mọ́ ìtọ́jú. Màá fẹ́ ẹ, o parí ẹ̀, o ò parí ẹ̀. Àmọ́ parí ẹ̀.”

Ó parí ẹ̀. Nígbà ìgbéyàwó wọn, ní ilé ìyá Yaryna, a dé orí ife kẹta, èyí tí a máa ń dìde mu láìsọ̀rọ̀ fún àwọn tó ti kú. Makar ló sọ̀rọ̀. Ó dárúkọ Danylo, ó sì fi ẹnu ara rẹ̀ sọ bí ọmọ náà ṣe kú. Yaryna di ọwọ́ rẹ̀ mú títí ó fi sọ ọ́ tán.