Ìnàkí Ilé Jórinjórin

Eyín ìnàkí náà ti wọ ẹran apá Pẹ́lẹ́ńgẹ́ kó tó rí ọwọ́ fà yọ. Ọmọbìnrin náà fi ọwọ́ kejì gbá a lẹ́nu, ó tún gbá a, kí ẹranko náà tó fi í sílẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ ń kán sínú abọ́ oúnjẹ tó gbé wá fún un. Ìnàkí ní tirẹ̀ jókòó padà sínú àhámọ́ irin, ó ń bó ọ̀gẹ̀dẹ̀ jẹ bí ẹni tí kò mọ nǹkan kan.

Ọ̀gá ni wọ́n sọ ẹranko náà. Bàbá Pẹ́lẹ́ńgẹ́, jórinjórin tí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wà ní òdìkejì títì, ló rà á lọ́wọ́ ọdẹ kan nígbà tó ṣì kéré. Ó jó irin pọ̀, ó fi ṣe àhámọ́ fún un lẹ́yìn ilé. Nígbà náà, inú ìgò ni Ọ̀gá ti ń mu wàrà, orí itan ìyá Pẹ́lẹ́ńgẹ́ ló sì ń sùn sí nídìí ẹ̀rọ ìránṣọ. Ṣùgbọ́n ta ló ń wà lọ́mọ ọwọ́ títí? Ọ̀gá ti di géńdé, eyín rẹ̀ sì gùn ju ìka ọmọdé lọ.

Pẹ́lẹ́ńgẹ́ sáré wọ balùwẹ̀, ó fọ ojú ọgbẹ́ náà, ó fi aṣọ dì í.

"Kí ló ṣe ọ́ lápá?" ìyá rẹ̀ bi í.

"Páànù ni, Màámi. Kò tiẹ̀ dùn mí."

Irọ́ funfun báláú! Kí ló dé tó fi pa á? Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ fún yín. Kó tó di pé ó gbé fídíò Ọ̀gá sórí fóònù, kò sẹ́ni tó ń kà á sí ní kíláàsì. Bó ṣe tín-ín-rín ni wọ́n fi ń ṣe yẹ̀yẹ́. Nígbà tí wọ́n rí ìnàkí tó wọ fìlà tó ń jó, gbogbo wọn di ọ̀rẹ́ rẹ̀. Bàbá rẹ̀ sì ti sọ ọ́ tipẹ́: "Ọjọ́ tó bá bu ẹnikẹ́ni jẹ nínú ilé yìí, ọjọ́ náà ni mo máa fà á lé àwọn tó ń tọ́jú ẹranko lọ́wọ́." Bí Ọ̀gá bá lọ, ọ̀rẹ́ náà lọ nìyẹn. Pẹ́lẹ́ńgẹ́ bá pa ẹnu mọ́.

Ìgbà tó di òpin ọ̀sẹ̀, àwọn ọmọ kíláàsì rẹ̀ mẹ́ta dé. Ẹlẹ́nu ni wọ́n ń pe èyí tó ṣáájú wọn, orúkọ náà sì ro ó.

"Inú àhámọ́ nìkan lo máa ń fi hàn wá," Ẹlẹ́nu wí. "Mú un jáde jàre! Àbí o ti ń bẹ̀rù ọmọ bàbá ẹ ni?"

Ojú ọgbẹ́ ń ta Pẹ́lẹ́ńgẹ́ lábẹ́ aṣọ. Ó rẹ́rìn-ín, ó sì ṣílẹ̀kùn. Ó di ṣéènì ọrùn ẹranko náà mú, wọ́n sì na fóònù sí i. Ọ̀gá la ẹnu, ó fi gbogbo eyín hàn.

"Ẹ wò ó, ó ń rẹ́rìn-ín!" Ẹlẹ́nu kígbe.

Kì í ṣe ẹ̀rín. Bẹ́ẹ̀ gan-an ló ṣe kó tó bù ú jẹ, Pẹ́lẹ́ńgẹ́ sì mọ̀ ọ́n. "Ẹ sá sẹ́yìn" dé ọ̀nà ọ̀fun rẹ̀. Ó gbé e mì.

Àsìkò yẹn ni àbúrò rẹ̀, Kíńkíní, ọmọ ọdún mẹ́rin, sáré jáde tòun ti ọ̀gẹ̀dẹ̀. "Ọ̀gá, gbà!"

Yéè! Ṣéènì náà ha Pẹ́lẹ́ńgẹ́ ní àtẹ́lẹwọ́ bó ṣe ń já lọ. Ọ̀gá fi ọwọ́ méjèèjì gbá ọmọ náà lórí mú, ó là á mọ́lẹ̀, ó sì ki eyín bọ etí rẹ̀. Ó ń jù ú sọ́tùn-ún sósì, ẹ̀jẹ̀ ń fọ́n sára ògiri. Àwọn ọ̀rẹ́ fẹsẹ̀ fẹ. Pẹ́lẹ́ńgẹ́ gun ẹranko náà lẹ́yìn, ó ń fi ẹ̀ṣẹ́ lù ú, ó ń ké pe ìyá rẹ̀.

Ìyá já dé pẹ̀lú áyọ́ọ̀nù gbígbóná tó fi ń lọ aṣọ. Ó tẹ̀ ẹ́ mọ́ ẹ̀yìn ìnàkí náà. Irun jó, èéfín sọ. Ọ̀gá ju ọmọ náà nù, ó yíjú sí ìyá, ó bù ú jẹ ní èjìká. Bàbá ti gbọ́ ariwo, ó sáré dé pẹ̀lú ọ̀pá irin tó wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó lu ẹranko náà lẹ́yìn, ó lù ú lórí, ó tún lù ú títí kò fi mira mọ́. Bó ṣe ń lù ú ló ń sunkún, torí òun ló fi ọwọ́ ara rẹ̀ tọ́ ọ.

Ní ilé ìwòsàn, wọ́n rán orí Kíńkíní, ṣùgbọ́n etí kan ti lọ.

"Ṣé ẹranko náà ti bu ẹlòmíràn jẹ rí?" dókítà obìnrin kan béèrè. "Ẹ rántí dáadáa o. Àìsàn burúkú lè wà nínú itọ́ ẹranko."

"Rárá, Dókítà," bàbá dáhùn. "Mo lè búra."

Pẹ́lẹ́ńgẹ́ ká apá aṣọ rẹ̀ sókè.

Ìyá wo ojú ọgbẹ́ náà, ó wo ọmọ rẹ̀. "O mọ̀? O mọ̀, o sì jẹ́ kí àbúrò rẹ máa na ọwọ́ oúnjẹ sí i?"

"Má dá a lẹ́bi," bàbá wí fún ìyá. "Èmi ni mo kọ́kọ́ ṣẹ̀. Ta ló rán mi níṣẹ́ pé kí n mú ọmọ igbó wá sílé?"

Wọ́n gún Pẹ́lẹ́ńgẹ́ àti ìyá rẹ̀ lábẹ́rẹ́ bí wọ́n ṣe gún Kíńkíní. Nígbà tó yá, Kíńkíní lajú láàárín báńdéèjì.

"Àǹtí mi, Ọ̀gá ńkọ́? Ṣé ó ti jẹun?"

Omi lé ròrò sí Pẹ́lẹ́ńgẹ́ lójú. "Ó ti kú."

"Ta ló pa á?"

Bàbá sorí kọ́.

"Èmi ni," Pẹ́lẹ́ńgẹ́ wí. "Ọjọ́ tó bù mí jẹ ló yẹ kí n sọ. Ká ní mo sọ ọ́ ni, wọn ì bá ti mú un lọ síbi tó yẹ ẹ́, etí rẹ ì bá sì wà lórí rẹ. Máà bínú sí mi."

Ọmọ náà kọjú sí ògiri, ó ń sunkún ẹranko tó jẹ ẹ́ létí.

Ẹ̀yin ọmọ, ẹni tó bá sọ òkò sọ́jà, ará ilé rẹ̀ ni yóò bà. Ẹranko igbó kì í ṣe ohun ìṣeré, ilé èèyàn kì í sì í ṣe igbó. Bí ẹ bá sì rí ewu, ẹ pariwo rẹ̀, kódà bí gbogbo ọ̀rẹ́ yóò pa dà lẹ́yìn yín. Àwọn ọ̀rẹ́ Pẹ́lẹ́ńgẹ́ kò tiẹ̀ wá kí i ní ilé ìwòsàn.