Aago Tí Mo So Mọ́ Ẹ̀rọ Ìránṣọ

Ẹni tó bá fẹ́ lè pè mí ní òpùrọ́. Ó tọ́ sí mi, nítorí irọ́ ló bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ yìí, èmi ni mo sì pa á. Ṣùgbọ́n èyí tí mo fẹ́ sọ yìí, ojú mi ló ṣe. N kò fi kún un, n kò sì yọ níbẹ̀.

Télọ̀ ni mí. Ọdún kejìlélọ́gbọ̀n rèé tí mo ti ń fẹsẹ̀ tẹ ẹ̀rọ ìránṣọ kan náà nínú ṣọ́ọ̀bù kan náà. Lọ́dún mẹ́ta sẹ́yìn, ọkàn mi bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe ségesège. Á lù, á fò, á tún sáré. Bí mo bá ń gun àtẹ̀gùn ilé, ẹ̀ẹ̀mejì ni mo máa ń dúró mí.

Ọmọ kan ṣoṣo ni mo bí, obìnrin. Ọ̀fíntótó ni mo ń pè é, nítorí kò sí ohun tí kì í tọ pinpin. Ọ̀nà jíjìn ló ń gbé. Nígbà tí ìyá rẹ̀ kú, fóònù mi ti bàjẹ́. Ọjọ́ kẹta ló tó gbọ́, ẹnu aládùúgbò ló sì ti gbọ́ ọ. Ọ̀rọ̀ náà kò tíì kúrò lára rẹ̀. Òun ló ra aago ọwọ́ náà fún mi, irú èyí tó ń ka ìṣísẹ̀ àti bí ọkàn ṣe ń lù, tó sì ń fi í ránṣẹ́ sórí fóònù rẹ̀ àti sọ́dọ̀ nọ́ọ̀sì mi.

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bọ́ ọ o," ló wí. "Bí mo bá ti jí, òun ni mo máa kọ́kọ́ wò. Mi ò fẹ́ gbọ́ tiyín lẹ́nu aládùúgbò."

Dókítà ní kí n máa rin ẹgbẹ̀rún mẹ́fà ìṣísẹ̀ lójúmọ́. Èmi tí aṣọ oníbàárà kún ilẹ̀ dè? Mo rìn ín fún ọjọ́ mẹ́rin. Lọ́jọ́ karùn-ún, mo so aago náà mọ́ irin tí mo ń fẹsẹ̀ tẹ̀ lábẹ́ ẹ̀rọ. Bí mo ṣe ń ránṣọ, bẹ́ẹ̀ ló ń kà. Kó tó di ọ̀sán, ó ti pé. Inú mi dùn, mo tilẹ̀ ń súfèé.

Ọ̀fíntótó pè mí nírọ̀lẹ́.

"Ẹ kú iṣẹ́, Bàbá. Ẹ rìn dáadáa lónìí."

"Mo kàn ń gbìyànjú ni."

"Ọkàn yín náà ti balẹ̀. Méjìléláàádọ́rin ló ń lù ní ìṣẹ́jú kan. Kò fò rárá."

Mo bẹ̀rẹ̀ wo abẹ́ ẹ̀rọ. Irin ni mo so ó mọ́.

Mo sọ fún ara mi pé aago náà ń ṣì í kà ni. Oṣù kan kọjá. Nọ́ọ̀sì yìn mí, dókítà wo àkọsílẹ̀, ó sì dín oògùn mi kù sí ìdajì. Ìgbà náà ló yé mi. Ọkàn tí wọ́n ń tọ́jú kì í ṣe tèmi, èmi sì ni ẹni tó máa kú.

Mo padà sí ṣọ́ọ̀bù, mo tú aago náà, mo fi í sọ́wọ́. Ó ń wá, kò rí nǹkan kan. Mo nu ọwọ́ mi. Mo fún okùn rẹ̀ le. Òdo ló kọ. Mo pe oníbàtà tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi pé kó bá mi fi í sọ́wọ́ wò. Ọgọ́rin.

"Bàbá Télọ̀," ló wí, "àbí ẹ ti kú, ẹ ò sọ fún wa ni?"

N kò rẹ́rìn-ín. Mo dá a padà sábẹ́ ẹ̀rọ. Méjìléláàádọ́rin.

Kí ni ǹ bá ṣe? Bí mo bá fi í sọ́wọ́, òdo ni ọmọ mi máa jí rí. Mo fi í sílẹ̀ síbẹ̀.

Lọ́jọ́ Àìkú kan, mo ti ti ṣọ́ọ̀bù pa, mo jókòó sílé. Ọ̀fíntótó pè lọ́sàn-án.

"Bàbá, ẹ sinmi díẹ̀. Láti àárọ̀ lẹ ti ń rìn."

Kọ́kọ́rọ́ ṣọ́ọ̀bù wà lápò mi. Mo lọ síbẹ̀. Òpópónà dá páropáro. Mo gbé etí lé ilẹ̀kùn. Irin náà ń lọ sókè, ó ń bọ̀ nílẹ̀, jẹ́jẹ́, bí ẹni tí kò fẹ́ kí wọ́n gbọ́ òun. Mo ṣílẹ̀kùn. Ó dúró. Kò sí ẹnì kankan níbẹ̀. Mo fọwọ́ kan irin náà, ó lọ́ wọ́ọ́rọ́.

Bẹ́ẹ̀ sì rèé, ara mi ń le sí i. Mo ń gun àtẹ̀gùn láìdúró. Ẹ̀rọ ló ń wúwo lẹ́sẹ̀ mi. Àádọ́fà ni aago kọ, ó tún di ogóje. Á lù, á fò, á tún sáré. Ọmọ mi sunkún lórí fóònù títí mo fi lọ sí ilé ìwòsàn. Nọ́ọ̀sì gbọ́ àyà mi, ó tún un gbọ́.

"Ó ń lọ geere," ló wí. "Ta ló wá wọ aago yẹn?"

Mo jẹ́wọ́. Ó wò mí títí. "Aago yẹn kì í ka ọkàn lára irin, Bàbá." Kò kọ nǹkan kan sílẹ̀.

Ó yẹ kí n sọ fún ọmọ mi lọ́jọ́ náà. Ojú tì mí.

Lọ́jọ́bọ̀, ní nǹkan bí aago mẹ́ta ọ̀sán, mo ń ṣẹ́ etí ṣòkòtò kan nígbà tí ẹ̀rọ gan. Mo tẹ̀ ẹ́, kò mì. Mo bẹ̀rẹ̀ wo aago náà. Òdo. N kò tíì nàró tán tí fóònù fi dún.

"Ta nìyẹn?" Ọ̀fíntótó ni, ẹkún ló ń sun.

"Èmi ni."

"Ìwọ ta?"

"Bàbá ẹ ni."

"Bàbá mi ti kú." Ohùn rẹ̀ wá lọ sílẹ̀. "Mo ń wò ó bó ṣe ń kú. Ta ló mú fóònù ẹ̀?"

Mo ro gbogbo rẹ̀ fún un, láti orí irọ́ àkọ́kọ́. Lọ́jọ́ kejì ó wọlé dé. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó wò mí láti orí dé ẹsẹ̀, ó di ọrùn ọwọ́ mi mú, ó sì ń ka nǹkan lábẹ́ ètè. Ó lo ọ̀sẹ̀ kan, ó padà. Ẹni tó ń tún ẹ̀rọ ṣe tú ẹ̀rọ ìránṣọ náà palẹ̀. Ó ní kò sí ohun tó bàjẹ́, àmọ́ kò yí mọ́.

Láti ìgbà náà, ọmọ mi ń pè láràárọ̀. Kó tó kí mi, á bi mí ní ohun kan tí bàbá rẹ̀ nìkan mọ̀. Ibi tó ti ṣubú tó fi ní àpá lórúnkún. Ohun tí ìyá rẹ̀ wí kó tó kú. Gbogbo rẹ̀ ni mo dáhùn.

Lọ́jọ́ Ajé tó kọjá, ó ní, "Aṣọ tí ẹ kọ́kọ́ rán fún mi, àwọ̀ wo ni?"

Mo rántí sísọ́ọ̀sì. Mo rántí ìyá rẹ̀ tó na aṣọ náà dání. Mo wá àwọ̀ rẹ̀, n kò rí i.

"Ó ti pẹ́, ọmọ mi," mo ní. "Mo ti gbàgbé."

Mo ń gbọ́ èémí rẹ̀.

"Kò burú, sà," ló wí.

Láti ìgbà tó ti mọ ọ̀rọ̀ọ́ sọ, Bàbá ló ń pè mí. Kò pe fóònù mi mọ́ láti ọjọ́ náà.