Àdín Tí Mo Fi Pa Bíréèkì Kẹ̀kẹ́

Ẹ jẹ́ kí n fẹnu ara mi sọ ọ́. Ìwé tí mo kà kò tó nǹkan, ṣùgbọ́n ohun tí mo ṣe lọ́dún yẹn, mi ò gbàgbé ẹyọ kan nínú ẹ̀.

Ayé Sáàpù ni, nígbà ìjọba sójà, tí gbogbo nǹkan wọ́n gógó. Ọ̀gbà l'Ékòó là ń gbé. Sàláwù ọkọ mi ń ṣiṣẹ́ níléeṣẹ́ aṣọ kan n'Íkẹjà, àbúrò mi Hassanat ń di bisikíìtì sí páálí níléeṣẹ́ kan nítòsí ibẹ̀. Nígbà tí òyìnbó kan tó jẹ́ ọ̀gá ọkọ mi ń padà sílùú ẹ̀, ó fún un ní kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́ni méjì: ìjókòó méjì, pẹ́dà mẹ́rin. Ọkọ mi á wà níwájú, Hassanat á wà lẹ́yìn, wọ́n á gbọ̀nà iṣẹ́ lọ.

Bíréèkì iwájú ti jẹ tán, kò sì sí rọ́bà tuntun lọ́jà. Ti ẹ̀yìn nìkan ló kù, ìyẹn ò sì dà bíi ti kẹ̀kẹ́ tá a mọ̀. Àwo irin pẹlẹbẹ kan ni wọ́n dè mọ́ àárín táyà. Tí wọ́n bá tẹ bíréèkì, páàdì kékeré méjì á fún àwo náà mọ́ àárín.

Lọ́jọ́ Sátidé, Ishaq tó ń tún kẹ̀kẹ́ ṣe ní ìkóríta wa bá wa tún bíréèkì ẹ̀yìn yẹn dè.

Ó ní, "Ìyá Suara, páàdì kan lè ṣì máa ha irin yẹn. Tó bá ń ké, ẹ gbé e padà wá. Ẹ má fọwọ́ kàn án o."

Lọ́jọ́ Àìkú, ó ké. Ó ké débi tí àwọn èèyàn ń yọjú lójú fèrèsé. Màmá Ilésanmí, ará Èkìtì tá a jọ ń gbélé, bú sẹ́rìn-ín.

"Ìyá Suara, ṣé kẹ̀kẹ́ lẹ gbà ni àbí ewúrẹ́? Ẹ fún un léèpo iṣu jẹ o!"

Ojú tì mí. Nílé wa l'Ógbòmọ̀ṣọ́, ohunkóhun tó bá ń ké, àdín là ń ta sí i: ilẹ̀kùn o, ẹ̀rọ ìránṣọ o. Ọmọ tára ẹ̀ gbóná pàápàá, àdín là ń fi pa á. Mo mú ìgò àdín mi, mo rẹ àkísà sínú ẹ̀, mo fi nu àwo irin yẹn tọ̀tún tòsì. Kẹ̀kẹ́ dákẹ́ jẹ́ẹ́. Inú mi dùn. Mi ò sọ fẹ́nì kankan.

Láàárọ̀ ọjọ́ Ajé, ọkọ mi àti Hassanat gùn ún dé gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ tó sọ̀ sí títì àwọn iléeṣẹ́. Ọkọ mi tẹ bíréèkì, kò mú. Ó tún tẹ̀ ẹ́, kò mú. Tírélà wà níwájú. Ló bá yí kẹ̀kẹ́ sínú gọ́tà. Òun dìde. Hassanat ò lè dìde. Ọrùn ọwọ́ ọ̀tún ẹ̀ ti kán.

Ìgbà tá a gbé e dé látọ̀dọ̀ dókítà, ọkọ mi gbọ̀nà ìkóríta lọ. Mo tẹ̀ lé e.

"Ishaq! Ṣé bó o ṣe tún un ṣe nìyí? O fẹ́ pa wá!"

"Bàbá, ẹ gbé e wá, ẹ jẹ́ n wò ó."

"Wo kí ni? Kó o lè ba èyí tó kù jẹ́?"

Mo dúró síbẹ̀. Mi ò yadi. Mo dákẹ́.

Ọjọ́ mẹ́ta gbáko, ẹnikẹ́ni ò gbé kẹ̀kẹ́ fún Ishaq mọ́. Àwọn èèyàn ń pè é ní Bíréèkì-ò-mú. Ó wá di ọjọ́ kẹrin, Shukurat ìyàwó ẹ̀ rí mi nídìí ẹ̀rọ omi, ó kúnlẹ̀ kí mi.

"Ẹ pẹ̀lẹ́ o, Ìyá Suara. Ọlọ́hun á fún Hassanat lálàáfíà."

Mi ò lè ṣe àmín. Mo gbé omi mi kalẹ̀, mo lọ mú ìgò àdín, mo ní kí ọkọ mi ti kẹ̀kẹ́ tẹ̀ lé mi. Lójú gbogbo àwọn tó wà ní ìkóríta, Màmá Ilésanmí náà wà níbẹ̀, mo kúnlẹ̀.

"Èmi ni. Èmi ni mo fi àdín pa á. Ishaq, jọ̀ọ́, forí jì mí."

Ọkọ mi wò mí bí ẹni tí ò mọ̀ mí rí. "Ìwọ? O sì dúró níbẹ̀ nígbà tí mo ń bú ọmọ ọlọ́mọ?"

"Mo dúró níbẹ̀."

Ishaq ní, "Ẹ dìde, Màmá." Ó fìka kan àwo irin, ó gbóòórùn ẹ̀, ó mirí. Ó ní kí gbogbo wa sún mọ́ ọn.

"Ilẹ̀kùn, a fẹ́ kó máa yọ̀. Bíréèkì, a fẹ́ kó mú. Tí epo bá ti kàn án, ó bà jẹ́ nìyẹn."

Ó fi sípíríìtì nu àwo náà mọ́. Páàdì ti mu epo yó, ó yọ ọ́ dànù, ó rẹ́ òmíràn lára páàdì mọ́tò kan. Ó fi bébà fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ há ẹ̀gbẹ́ méjèèjì àwo náà kí àyè díẹ̀ lè wà, ó sún páàdì mọ́ ọn, ó de nọ́ọ̀tì, ó fa wáyà le. Nígbà tó yọ bébà, táyà ń yí, kò ha, kò ké.

Ọkọ mi ní, "Ishaq, má bínú. Mo ṣì ẹ́ bú."

Ọwọ́ Hassanat jinná, ṣùgbọ́n kò tọ́ mọ́. Kò bá mi wí rí. Tó bá ń fọwọ́ yẹn bu omi fún mi, ilẹ̀ ni mò ń wò.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń gun kẹ̀kẹ́, ẹ má fi àdín, epo tàbí gíríìsì kan bíréèkì, bó ti wù kó ké tó. Ẹ gbé e lọ bá ẹni tó mọ̀ ọ́n tún ṣe. Kẹ́ ẹ tó kúrò nílé, ẹ yí táyà wò, ẹ tẹ bíréèkì wò: ó gbọ́dọ̀ ti mú kó tó di pé irin tẹ́ ẹ tẹ̀ kan ọwọ́ kẹ̀kẹ́. Tó bá jẹ́ ẹni méjì ló gùn ún, ẹ tètè máa tẹ̀ ẹ́, torí ó wúwo, kì í tètè dúró.

Tó bá sì jẹ́ ẹ̀yin lẹ ṣe àṣìṣe, ẹ sọ ọ́ lọ́jọ́ náà. Ọjọ́ mẹ́ta tí mo fi dákẹ́ yẹn, ó ń dùn mí ju àdín tí mo fi pa bíréèkì lọ.