Ọ̀dà Inú Irin Tó Kán

Jíìpù àtijọ́ tó ń kó èrò lọ sí Bodokro ni wọ́n bá lójú ọ̀nà láàárọ̀, tó dojú dé sínú koto. Sìlífátù tó ń ta aṣọ ti kú sínú rẹ̀. Karim tó wà á kò ju kó fara bó lọ, kíá ni wọ́n sì ti jù ú sí àtìmọ́lé. Wọ́n ní eré àsápajúdé ló sá, ọ̀rọ̀ parí.

Inú bí Inspẹ́kítọ̀ Aaliyah Ọlábọ̀dé. Ìlú Bouaké níbí ni wọ́n bí i sí, ní àdúgbò Kennedy, ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ sì làwọn òbí rẹ̀. Ó mọ bí ẹjọ́ ẹni tí kò lẹ́nìkan ṣe máa ń yá. Ó gba ojú ọ̀nà lọ, ó sì lóṣòó ti mọ́tò náà.

Sípíríǹgì ẹ̀yìn ti kán sí méjì. Ojú ibi tó ti kán ń dán lápá kan. Ọ̀dà dúdú ló wà lápá kejì. Ó wo táyà. Ibi tí wọ́n máa ń tẹ ọdún tí wọ́n ṣe é sí, ẹnìkan ti fi sáńpépà ha á, ó ń yọ̀ mùlọ̀mùlọ̀.

Ó padà sí àgọ́ ọlọ́pàá, ó pe Karim jáde.

"Ìwọ lo yan táyà àti sípíríǹgì yìí?"

"Èmi ni, Ẹ̀gbọ́n. Ọ̀nà Bodokro ò dáa. Mo ní kí wọ́n fún mi ní pneu, táyà tó léyín ńláńlá, pẹ̀lú sípíríǹgì tó lè gbẹ́rù. Ọ̀dọ̀ Àlàájì Sàbítù ni mo ti rà á, ní àdúgbò Belleville. Wọ́n ní tuntun ni."

"Ṣé o yẹ̀ ẹ́ wò?"

"Haa! Ẹ̀gbọ́n, àwọn ló dúró bíi bàbá fún mi lọ́jọ́ yìgì mi. Ṣé kí n wá máa yẹ ọjà wọn wò lójú wọn ni?"

Ọlábọ̀dé mí kanlẹ̀. Ojú tí wọ́n ń tì yìí ló ń pa wọ́n.

Àárín àwọn táyà tí wọ́n fi epo pa dán ni Àlàájì Sàbítù jókòó sí nínú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Fadila, ọmọ rẹ̀ obìnrin, ń gbálẹ̀.

"Ẹ káàsán, Bàbá. Ẹ̀yin lẹ ta sípíríǹgì fún Karim?"

"Èmi ni. Kì í ṣe àlòkù, kì í ṣe France au revoir tí wọ́n ti lò gbó lọ́hùn-ún. Tuntun ni. Eré ló ń bá ọmọ yẹn jà. Ẹ jẹ́ kójú ẹ̀ rí màbo."

Inspẹ́kítọ̀ fa sípíríǹgì kan yọ nínú èyí tó wà nílẹ̀. "Èyí ńkọ́?"

"Irú ẹ̀ gan-an ni."

"Ó dáa. Ẹ jẹ́ ká dè é mọ́ jíìpù tiyín tó wà níta yẹn. Fadila á wọ̀ ọ́ lọ sí Bodokro lónìí."

Àlàájì rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà kò dénú. "Fadila ò níṣẹ́ ní Bodokro."

"Papa, kí ló dé?" Fadila ju ọwọ̀ sílẹ̀, ó fẹ́ gbé irin náà. "Ṣebí tuntun ni?"

"Má gbé e! O ò gbọdọ̀ wọ̀ ọ́!" Igbe náà le débi pé àwọn tó ń kọjá dúró.

Inspẹ́kítọ̀ fi kọ́kọ́rọ́ ha ọ̀dà ara irin náà. Irin tó là yọ lábẹ́ rẹ̀.

"Ẹ gbọ́, Bàbá. Ọ̀dà ò lè wọ inú irin tí kò tíì là. Ti Karim ti là kó tó kúrò níbí. Ẹ rí i, ẹ kùn ún, ẹ sì pa ọdún ara táyà rẹ́ kẹ́nikẹ́ni má baà mọ̀ pó ti gbó. Ẹ mọ̀ pé ó lè pààyàn. Ìdí tẹ́ ò fi jẹ́ kọ́mọ yín wọ̀ ọ́ nìyẹn."

Ó pe àgọ́ wọn lórí fóònù. "Ẹ tú Karim sílẹ̀."

Àlàájì kúnlẹ̀. "Ọmọ mi, ṣebí ilé kan náà ni wá, Ògbómọ̀ṣọ́? Jẹ́ ká lọ parí ẹ̀ nílé."

"Ọmọ ilé ni Sìlífátù náà," ni Ọlábọ̀dé wí. "Ẹ lọ bá a parí ẹ̀."